Níbo Ló Wà Nínú Ìwé?

Ìbéèrè kan wà tí olùkọ́ wa máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wa: "Níbo ló wà nínú ìwé?" Wọn kì í fi kanra, wọn kì í sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí o bá kọ ọ́ pé ìkà ni ọkùnrin inú ìtàn, ìbéèrè yẹn ni wàá bá níbẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé fẹ́ ká káàánú ìyàwó rẹ̀, òun náà ni. Bí o bá wá tọ́ka sí ìlà tí o gbójú lé, ìbéèrè kejì á tẹ̀ lé e: "Báwo ni ìlà yìí ṣe ti ohun tí o sọ lẹ́yìn?" Kọ́ọ̀sì ìrònú jinlẹ̀ nípasẹ̀ lítíréṣọ̀ tí mo ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú ìbéèrè méjèèjì yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Fídíò, ìwé kíkà, ìdánwò kéékèèké, àròkọ ìparí, gbogbo wọn kàn ń kọ́ wa bí a ó ṣe dá wọn lóhùn ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìrònú jinlẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìtàn. Wọ́n á ní iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ni, tàbí ti àwọn onísáyẹ́ǹsì. Wọ́n á ní ìtàn wà fún ìgbádùn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Wo àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fi kọ́ni bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ti inú òmíràn jáde: gbogbo èèyàn ló máa kú, èèyàn ni Socrates, nítorí náà Socrates máa kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kan ẹnikẹ́ni lára. Kò sẹ́ni tí yóò torí ẹ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀. Wá ka ìtàn obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Kí o tó dé ojú ìwé kẹta, ọkàn rẹ ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan, o ti dá ẹjọ́, ìwọ alára kò sì mọ ìgbà tí o dá a. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìrònú bẹ̀rẹ̀, torí o ti ní ohun kan tí o fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ìtàn nìkan ni mo mọ̀ tó lè mú èèyàn débẹ̀ láàárín wákàtí kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara gbá nínú rẹ̀.

John Dewey, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Amẹ́ríkà, sọ ọ́ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1910 lórí bí a ṣe ń ronú pé kókó ìrònú ni kí èèyàn dá ìdájọ́ dúró nígbà tó bá ṣì ń wádìí, ó sì fi kún un pé ìdádúró yẹn máa ń dun èèyàn díẹ̀. Mo fẹ́ràn pé ó mẹ́nu kan ìrora yẹn. Àwọn tó ń polówó irú kọ́ọ̀sì báyìí máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọgbọ́n kan ni wọn yóò kọ́ ọ, tí wàá mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni ìfaradà: pé kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ tí kò tíì yanjú, kí a má sì tètè sá lọ sínú èsì tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn.

Bí kọ́ọ̀sì náà ṣe ń lọ kò ṣòroó sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi ìtàn kúkúrú, ewì tàbí eré kan ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á lẹ́ẹ̀kan fún ìtàn inú rẹ̀, a ó tún un kà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, kálukú á kọ ohun tó rí síbi tí gbogbo wa yóò ti rí i, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, a gbọ́dọ̀ ti fèsì sí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kọ. Àròkọ gígùn wà ní àárín àti ní ìparí. Ìyẹn náà ni.

Iṣẹ́ tí a pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni Trifles, eré kúkúrú tí Susan Glaspell kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Provincetown, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1916. Glaspell fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣeré náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ìtàn kúkúrú. Ilé ìdáná àgbẹ̀ kan ni gbogbo eré náà ti wáyé. Ẹnìkan ti fi okùn fún John Wright lọ́rùn pa lórí ibùsùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Minnie, sì ti wà látìmọ́lé. Lọ́yà ìjọba, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà àti aládùúgbò tó lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà wá ṣe ìwádìí. Ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá, Mrs. Peters, àti ìyàwó aládùúgbò, Mrs. Hale, bá wọn wá láti kó aṣọ díẹ̀ fún Minnie.

Àwọn ọkùnrin náà wo ilé ìdáná, wọ́n ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, ohun èlò ìdáná lásán ni. Wọ́n gòkè lọ sí yàrá tí wọ́n ti pa ọkùnrin náà, wọ́n tún jáde lọ sí abà. Wọ́n ń wá ìdí. Kí ló lè bí obìnrin yìí nínú débi tí yóò fi pa ọkọ rẹ̀? Bí wọn kò bá rí i, lọ́yà mọ̀ pé ẹjọ́ òun lè má dúró. Àwọn obìnrin méjèèjì tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ni nǹkan ń hàn sí. Tábìlì tí wọ́n nù dé ìdajì tí wọ́n sì dá dúró. Búrẹ́dì tó wà níta àpótí rẹ̀. Aṣọ ìbora tí Minnie ń fi àwẹ́ aṣọ rán pọ̀: gbogbo ojú rírán rẹ̀ gún régé, àfi àwẹ́ kan tí abẹ́rẹ́ ti ń lọ ségesège bí ẹni pé ọwọ́ tó ń rán an ti ń gbọ̀n. Àgò ẹyẹ kan tí ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já. Lẹ́yìn náà, nínú àpótí kékeré ẹlẹ́wà kan, ẹyẹ kánárì tí wọ́n fi aṣọ sílíìkì wé, tí wọ́n ti lọ́ lọ́rùn pa.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé lé wa lọ́wọ́ dà bí ti ọmọdé. Kí a fa ìlà sí àárín ìwé. Ní ọwọ́ òsì, kí a kọ ohun tó wà nínú eré náà, tí a lè fi ìka tọ́. Ní ọwọ́ ọ̀tún, kí a kọ ohun tí a gbà pé ó túmọ̀ sí. Nígbà tí iṣẹ́ gbogbo wa jáde, ohun kan náà ló wà ní ọwọ́ òsì nínú èyí tó pọ̀ jù: "John Wright pa ẹyẹ ìyàwó rẹ̀." Ìbéèrè olùkọ́ wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Níbo ló wà nínú ìwé?

Kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí John pẹ̀lú ẹyẹ náà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kódà eré náà kò sọ pé Minnie ló pa ọkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun sùn, oorun òun sì wúwo. Àwọn tọkọtaya yìí kò yọjú sórí ìtàgé rárá. Ohun méjì tí gbogbo wa gbà pé a "kà" nínú eré náà, àwa la kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nínú nìyí, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan nínú kíláàsì fò lọ sí òdìkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní ó dáa náà, bí kò bá sí nínú ìwé, a kò lè sọ ọ́ nìyẹn. Kí kálukú máa gba ohun tó bá wù ú gbọ́. Olùkọ́ wa kò gbà fún wọn. Wọ́n ní ohun tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún kì í ṣe ìtìjú. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ìmọ̀ tó níye lórí ń wà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí a mọ ọ̀nà tí a gbà débẹ̀, kí a sì lè mú ẹlòmíràn gba ọ̀nà náà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iṣẹ́ Stephen Toulmin wọlé, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé nínú ìwé kan lọ́dún 1958 bí àwíjàre èèyàn ṣe máa ń rí nígbà tí kì í bá ṣe ti ìṣirò. Ó ní nǹkan mẹ́fà ni: ohun tí a ń sọ, ẹ̀rí tí a rí, ìdí tí ẹ̀rí yẹn fi lè mú wa dé ohun tí a ń sọ, ohun tó gbe ìdí náà ró, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá wa lójú tó, àti ohun tó lè dà á rú. Mo gbé ẹyẹ náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tí mo ń sọ: John ló pa á. Ẹ̀rí: ìdè ilẹ̀kùn àgò já, ọrùn ẹyẹ lọ́, ẹnìkan tún fi sílíìkì wé e. Ìdí: ẹni tó ni ẹyẹ mọ bí a ṣe ń ṣí àgò, kò ní fi ipá já a, ẹni tó bá sì wé òkú ẹyẹ bí ohun iyebíye kì í sábà jẹ́ ẹni tó pa á. Bó ṣe dá mi lójú tó: ó jọ bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò kọjá "ó jọ". Ohun tó lè dà á rú: bó bá jẹ́ ológbò ńkọ́?

Ológbò yìí gbádùn mọ́ mi púpọ̀. Nígbà tí lọ́yà béèrè ẹyẹ, Mrs. Hale dá a lóhùn pé àwọn rò pé ológbò ló gbé e. Ẹni tó bá ń sáré kàwé á mú ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì nìkan wà pọ̀, Mrs. Peters ti sọ fún Mrs. Hale pé Minnie kò ní ológbò, pé ẹ̀rù ológbò máa ń bà á. Nítorí náà irọ́ ni Mrs. Hale pa fún lọ́yà, ìwé náà sì fi irọ́ náà hàn wá láìpe àkíyèsí sí i. Ìlà méjì ni, ojú ìwé díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò àti dókítà ń ṣe lójoojúmọ́: ó gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹni náà ti gbọ́ ṣáájú.

Màmá kan wà nínú kíláàsì wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó máa ń kọ tirẹ̀ lóru lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Wọ́n béèrè pé ta ló sọ fún wa pé òǹrorò ni John Wright. A yẹ ìwé wò. Mrs. Hale ni. Mrs. Peters ní ohun tí òun gbọ́ ni pé èèyàn dáadáa ni, Mrs. Hale gbà pé kì í mutí, pé ó máa ń mú àdéhùn ṣẹ, ṣùgbọ́n ó ní ọkùnrin líle ni. Mrs. Hale yìí kan náà sì jẹ́wọ́ pé ó ti lé lọ́dún kan tí òun ti dé ilé náà gbẹ̀yìn, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò wá wo Minnie. Màmá ní ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń jẹ lè máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi lé. Wọn kò sọ pé irọ́ ló ń pa o. Wọ́n kàn ní ẹnu kan ṣoṣo ni a ti gbọ́ ọ, àwọn àgbà sì ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ yẹn mú kí n padà lọ ka gbogbo ohun tí Mrs. Hale sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjíròrò bí èyí ni ó jẹ́ kí n gbà pé kíkọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àǹfààní tirẹ̀. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ló ń gba ilẹ̀. Níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ kíkọ, ẹni tó ń rò ó kó tó sọ ọ́ náà ní àyè tirẹ̀. O lè ka àtakò ẹnìkan, kí inú bí ọ, kí o sùn lé e, kí o sì wá rí i lówùúrọ̀ pé ó ní ohun tó ń sọ. Ohun tí o sọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, o kò lè ní o kò sọ ọ́. Ó ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Ó máa ń dá èèyàn nìkan wà. Àwọn kan a sì máa fèsì pé "mo gbà pẹ̀lú rẹ, o ṣeun" kí wọ́n lè gba máàkì. Olùkọ́ wa fòfin de ìyẹn: bí o bá gbà, mú ẹ̀rí mìíràn wá; bí o kò bá gbà, fi ibi tí ẹ̀rí ti kéré hàn. Òfin kékeré yẹn ló gba kọ́ọ̀sì náà là, lójú tèmi. Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè irú kọ́ọ̀sì tó yẹ kó mú, ohun àkọ́kọ́ tí màá ní kó wádìí ni bóyá olùkọ́ máa ń ka iṣẹ́ kó tó di èyí tí wọ́n máa gba máàkì lé lórí, kó sì dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè. Èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń máàkì gbogbo rẹ̀, ìrántí ló ń dán wò.

A kọ́ àwọn àṣìrò tí wọ́n máa ń tò sínú ìwé: kíkọlu ẹni tó sọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ tó sọ, gbígbà pé bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn, òmíràn náà ló fà á, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára láti mọ̀ wọ́n. Àmọ́ mo rí i pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ orúkọ wọn máa ń fi wọ́n na ẹlòmíràn lẹ́gba, kì í fi wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Ìlà àárín ìwé yẹn kò ṣe é lò bẹ́ẹ̀. Ara rẹ ni ó kọ́kọ́ ń mú.

I. A. Richards, tó kọ́ni ní Yunifásítì Cambridge, ti fi èyí hàn tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1920, ó pín ewì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìkọ orúkọ akéwì sí i, ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò nípa wọn. Ìwé tó kọ lórí èsì wọn, Practical Criticism, jáde ní 1929. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé dáadáa wà lára wọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ lóye ohun tí ewì náà ń sọ gan-an. Ewì rán àwọn kan létí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn kan ti ní èsì kan nílẹ̀, wọ́n kàn ń wá ibi tí wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn kórìíra ewì torí pé ìgbàgbọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Kíláàsì tiwa náà gba ewì tí kò lórúkọ, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ní ká ṣe ni pé ká kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ti ara wa, gbólóhùn kan sí òmíràn, láìsọ bóyá ó dára tàbí kò dára. N kò mọ iṣẹ́ tó rọrùn bẹ́ẹ̀ létí tó sì le bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Láìsí orúkọ ńlá kan tí èèyàn lè fara tì, ọ̀rọ̀ inú ewì nìkan ló kù.

Ó yẹ kí irú kọ́ọ̀sì yìí gba ìbéèrè tirẹ̀ náà. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ìwé máa ń sọ pé lítíréṣọ̀ ń sọ èèyàn di olóye àti aláàánú. Ní 2013, David Kidd àti Emanuele Castano tẹ ìwádìí kan jáde nínú Science, ìwé àtẹ̀jáde àwọn onísáyẹ́ǹsì, tó ní kíka ìtàn àròsọ onílítíréṣọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ń mú kí èèyàn túbọ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Ìròyìn náà tàn ká bí iná ọyẹ́. Ní 2016, àwùjọ àwọn olùwádìí mìíràn tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Mo kà méjèèjì torí kọ́ọ̀sì yìí. Èmi tí mo nífẹ̀ẹ́ ìwé, ti àkọ́kọ́ ló wù mí kó jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí n fara balẹ̀ wo ìkejì. Ohun tí mo lè sọ, tí yóò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kéré sí ohun tí àwọn olólùfẹ́ ìwé ń fẹ́ gbọ́: kíka ìtàn nìkan kò tó. Ìtàn pẹ̀lú ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn ni mo rí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹnikẹ́ni ló lè ní kí ẹ̀rọ kọ àròkọ lórí eré tí kò kà. Mo mọ̀ pé ó ń bí àwọn olùkọ́ nínú, ó sì ń dun èmi náà, torí ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ fún un pé ẹyẹ dúró fún ẹ̀mí Minnie tí wọ́n tẹ̀ rì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló rí ẹyẹ. Kò rí tábìlì tí wọ́n nù dé ìdajì kó sì béèrè kí ló dá ọwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, tí gbólóhùn kan ní ojú ìwé kejì ta ko èyí tó wà ní ojú ìwé kẹsàn-án, kò ní sí ohun tó kọ́ ojú rẹ̀ láti dúró.

Èmi náà rí i nínú ohun tí mò ń kà lójoojúmọ́. Tí ìròyìn bá ní "àwọn èèyàn ń bínú sí ìpinnu náà", mo máa ń wá àwọn èèyàn náà nínú ìròyìn. Nígbà mìíràn, ẹni méjì ni. Nígbà mìíràn, kò sí ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní ẹnìkan "jẹ́wọ́" dípò "sọ", mo mọ̀ pé akọ̀ròyìn ti dá ẹjọ́ fún mi kí n tó dé. Mo ti ń gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n àwẹ́ aṣọ tí a rán ségesège yẹn ló mú kí ó di àṣà ojú mi.

Ó ku ohun kan tí èmi àti màmá nọ́ọ̀sì kò tíì parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ọ̀sì ti parí. Ní ìgbẹ̀yìn eré náà, àwọn obìnrin méjèèjì gbé òkú ẹyẹ pamọ́, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí lọ́yà ń wá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ṣe tọ́? Màmá ní kò tọ́, ìdí wọn kì í sì í ṣe pé òfin lòfin. Wọ́n ní ẹyẹ yẹn gan-an ni ohun tí ì bá jẹ́ kí ilé ẹjọ́ mọ ohun tí Minnie fara dà. Àwọn tó gbé e pamọ́ ti pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tí wọ́n rò pé àwọn ń gbà á. Mo dá wọn lóhùn pé ní ìgbà yẹn, ní ìpínlẹ̀ tí eré náà ti wá, obìnrin kò lè jókòó láàárín ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́. Ọkùnrin bí àwọn tó gba ilé ìdáná kọjá tí wọ́n sì ní ohun èlò lásán ni wọ́n rí, irú wọn ni ì bá jókòó wo ẹyẹ náà. Kí ni wọn ì bá rí lára rẹ̀ ju ìdí tí wọn yóò fi dá a lẹ́bi?

Màmá kò kàn bá mi jiyàn. Wọ́n lọ wá ẹjọ́ tí eré náà ti jáde wá. Ní December 1900, wọ́n fi àáké pa àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ John Hossack lórí ibùsùn rẹ̀ ní Iowa, wọ́n sì mú ìyàwó rẹ̀, Margaret. Glaspell, tó jẹ́ akọ̀ròyìn nígbà náà fún Des Moines Daily News, ló kọ ìròyìn ẹjọ́ náà. Ó sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun kò gbàgbé bí òun ṣe wọ ilé ìdáná obìnrin náà. Ní 1901, wọ́n dá Margaret lẹ́bi. Ní 1902, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé e. Ní 1903, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ìgbìmọ̀ kò sì fẹnu kò. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, ni màmá kọ sí mi, síbẹ̀ àwọn kan lára wọn kò gbà láti dá a lẹ́bi. Níbo ni èyí fi ọ̀rọ̀ rẹ sí?

Ó fi í síbi tó le. N kò lè sọ mọ́ pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lè rí nǹkan kan. Ohun tí mo dì mú báyìí ni Mrs. Peters. Ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá ni; ní àárín eré náà, òun ló ń sọ pé òfin lòfin. Òun kan náà ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti ti àpótí ẹyẹ náà bọ àpò tirẹ̀, kò wọlé, kí Mrs. Hale tó já a gbà. Láàárín méjèèjì, ó ti rántí ọmọkùnrin tó fi àáké pa ọmọ ológbò rẹ̀ lójú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ti rántí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé lẹ́yìn tí àkọ́bí rẹ̀ kú. Mo ń gbìyànjú láti fi hàn màmá pé kì í ṣe àánú lásán ló yí i padà, pé ó ti gba ẹ̀rí kan wọlé tí ilé ẹjọ́ kò ní àyè fún. Wọ́n ti bi mí níbo ló wà nínú ìwé. Mo ti fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́. Wọ́n ní méjì péré nínú wọn ló bá ọ̀rọ̀ mi mu, mo sì ń wá òmíràn.